Kóńgò Tí Wọn Kì Í Kà

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ipò wọn ni mò ń wá. Ọdún 2007 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tí obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò lè kọ́ mi.

Ìbíjọkẹ́ ni orúkọ wọn gan-an. Ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ìyá ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, ti ń fi ìkòkò mẹ́ta pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní àdúgbò Agric. Nígbà tí ìyá náà kú, ọmọ rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà kúrò nínú ìkòkò, ó gbé e sínú àgbá onírin. Ó ń rọ ọtí àgbàdo náà sínú ìgò, ó ń lẹ bébà pupa mọ́ ọn lára, ó sì gba ilé ńlá kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní Industrial Estate. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń béèrè fún un láti Ìkẹjà títí dé Lẹ́kí. Gbogbo nǹkan ló yí padà, àfi Ìyá Sítọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ etí ìró wọn, àti àwọn ìlà ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀.

Ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn ló fà mí débẹ̀. Lóṣù kan, ọ̀gá ṣèlérí ọtí fún òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, àfi bí àgbàdo ṣe tán láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì tètè mọ̀. Ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ra ètò kan tó so gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́ pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbà mí láti máa darí rẹ̀. Bí àgbàdo bá wọ sítọ́ọ̀, ètò náà á mọ̀. Bí apọntí bá gbà lára rẹ̀, á mọ̀. Iye ìgò tó kún, iye tí ọkọ̀ gbé jáde, kò sí èyí tí kò ní mọ̀. Òfin ọ̀gá sì le: bí kọ̀ǹpútà ò bá ti tẹ ìwé jáde, ohunkóhun ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Sítọ́ọ̀ dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà.

"Ṣé èyí ti rí àgbàdo rí?"

"Kò nílò kó rí i, mà. Ohun tí a bá ti sọ fún un ló máa gbà gbọ́."

"Háà! Àbúrò ọkọ mi kan rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mẹ́ta ló rà, kò rí ọ̀kankan kọ́lé sí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Kí n má parọ́ mọ́ wọn ṣá, wọ́n kọ́ ọ. Wọn a kọ́kọ́ fi etí gèlè nu ojú kọ̀ǹpútà náà, wọn a wá na ìka kan ṣoṣo, wọn a máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn fúnra wọn ló ń kọ iye àpò tó bá wọlé. Inú bí mi díẹ̀ pé wọ́n yára tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bísíríyù, olórí àwọn apọntí, wá gba àgbàdo tó fẹ́ rẹ fún ọtí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní àgbàdo ti tán. Bísíríyù wọ inú sítọ́ọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpò kan, ó yọjú padà sí mi.

"Àǹtí, kí wá ni mo gbé ẹsẹ̀ lé yìí?"

Àgbàdo ni lóòótọ́. Àpò méje gbáko ló wà níbẹ̀, díẹ̀ sì tún wà nínú ìkẹjọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò tẹ ìwé, nítorí náà Bísíríyù ò lè gba hóró kan. Àwọn tó ń fọ ìgò káwọ́ lẹ́rán. Ọ̀gá gbọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè.

Ó ka àpò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìwé. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sẹ́ni tó tíì sọ sí Ìyá Sítọ́ọ̀ rí.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Bí àpò méje bá ṣẹ́kù níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan ṣẹ́kù, a jẹ́ pé ẹnìkan ń fún àwọn apọntí ní ohun tí kò pé, tó ń fi ìyókù pamọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ sì ní kọ́kọ́rọ́." Ó gbé ojú kúrò lára wọn. "Ó di ọjọ́ Ajé. Bí a ò bá mọ ibi tí àgbàdo yìí ti wá, ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ fún Morìnsọ́lá."

Morìnsọ́lá, èmi nìyẹn. Ọkàn mi fò fáyọ̀. Ẹ ò rí ayé mi! Ìgbà tí mo rí i pé ọwọ́ Ìyá Sítọ́ọ̀ ti lọ di kọ́kọ́rọ́ náà mú létí ìró wọn ni ìtìjú tó gbá mi mú. Ṣùgbọ́n wọn ò sunkún, wọn ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

"Èmi Ìbíjọkẹ́ ò jí hóró àgbàdo rí láyé mi," wọ́n ní. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ẹ̀rọ rẹ ló pè mí lólè, ìwọ lo máa bá mi débi tí àgbàdo ti wá. Ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, ní gáréèjì."

Gbogbo àgbàdo wa, láti Ẹ̀pẹ́ ló ti ń wá, lọ́wọ́ Alhaja Sìlífátù. Apẹja ni gbogbo ìdílé wọn, Alhaja nìkan ló yan àgbàdo láàyò. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń tà fún wa, wọn ò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ohun tí a ń fi ṣe. "Àgbàdo ni mò ń tà," wọn a ní. "Ohun tí ẹ bá lọ fi ṣe ní Ìkòròdú, ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín ni."

A ti kọjá Ìtóìkín nínú ọkọ̀ kí Ìyá Sítọ́ọ̀ tó bá mi sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹnu mi sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń gba ara mi sílẹ̀ ni. Ojú tìẹ ni kó rí i. Bí a bá débẹ̀, má bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣáà máa kà."

Nínú ṣọ́ọ̀bù Alhaja létí ọ̀sà, a ní a fẹ́ àpò kan. Alhaja ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n mú kóńgò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n, wọ́n sì ń ka á sókè ketekete: ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi di ẹ̀wá. Nígbà tó pé mẹ́wàá, wọ́n panu mọ́. Wọ́n bu kóńgò kan tó ga gègèrè, wọ́n dà á sínú àpò láìsọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, "Ọ̀kànlá."

Mo gbàgbé pé wọ́n ní kí n má béèrè nǹkan kan. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ka ìyẹn."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣebí èènì ni."

"Ṣé gbogbo àpò lẹ máa ń fi í sí?"

"Ìyá Sítọ́ọ̀ máa rajà lọ́wọ́ mi láìgba èènì? Ṣé a jà ni?"

Ìgbà mẹ́rin ni Alhaja panu mọ́ kí àpò yẹn tó kún. Ogójì kóńgò ni wọ́n kà, mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Nínú rìsíìtì, ogójì. Ta ló sì wo rìsíìtì, tó lọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ogójì kóńgò ló wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, tí kò tú àpò kan wò? Èmi Morìnsọ́lá ni. Kóńgò ni Bísíríyù fi ń gbà, nítorí náà mẹ́rin-mẹ́rin ń ṣẹ́ kù lára ọgọ́rin àpò tí a rà láàárín oṣù méjì yẹn, ó sì ń di òkè. Èmi tí mo ti ń bá aláta jà nítorí èènì láti kékeré! Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé èènì lè wọ ilé iṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lè dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Ẹ̀bi tèmi ni, sà," mo sì rò ó látòkè délẹ̀. Ọ̀gá dìde lórí àga rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Sítọ́ọ̀ lójú gbogbo wa. Ìyá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó ní kó dìde. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo ní kò le, màá yí i sí mẹ́rìnlélógójì lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ á parí.

"Rárá o," Ìyá Sítọ́ọ̀ ní. "Èènì kì í ṣe ẹ̀tọ́. Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí Sìlífátù, tó bá fi méjì sí i dípò mẹ́rin, ẹ̀rọ rẹ á tún ní mo jalè. Fún èènì ní àyè tirẹ̀. Èmi á máa wọn ọ́n, èmi á máa kọ ọ́."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Lábẹ́ àgbàdo lórí kọ̀ǹpútà wa, ìlà kan wà tó ń jẹ́ Èènì. Ẹni tó ta ètò náà fún wa ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Àgbàdo ò sì tán mọ́ wa lọ́wọ́ lójijì mọ́.

Ní ìparí ọdún 2009, Ìyá Sítọ́ọ̀ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n dárúkọ mi. A tẹ ìwé gbogbo ohun tó wà nínú sítọ́ọ̀, a kà á ní ẹyọ ẹyọ, àpò, ìgò, àgbá, ìdérí, kò dín, kò lé. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ kóńgò kan nínú báàgì wọn, èyí tí etí rẹ̀ ti wọ́, tí ìyá ọ̀gá ń lò láyé ìkòkò mẹ́ta, wọ́n gbé e lé orí ìwé náà.

"Kò sí nínú ìwé, mà," mo ní. Mo ti na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà láti kọ ọ́ sí ìlà Èènì tí àwọn fúnra wọn ní ká ṣe.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyẹn, má kọ ọ́."