Kẹ̀kẹ́ Arọ Tí Ọmọ Mi Bá Mi Gbà

Ìbínú ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán nínú mi, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti rin ìrìn àjò náà. Àwọn èèyàn ní kí n jẹ́ kó lọ, wọ́n ní ìfẹ́ ló mú ọmọ mi ṣe ohun tó ṣe. Mo gbà, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfẹ́ bá sọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì di arọ lójú ayé, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn náà fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Abúlé kan lẹ́yìn Ẹrúnmu ni mò ń gbé, gààrí ni mò ń yan tà. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti gba ibi tí oúnjẹ wọn wà lọ, oko ẹ̀gẹ́ mi sì wà lódìkejì odò. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń bọ̀, pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí mi. Tó bá di ọjọ́ ọjà ní Ìyànà Ọ̀fà, tí ọlọ́kadà bá ń pe owó tí kò bójú mu, mo máa ń kẹ̀yìn sí i ni, màá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, títí òun fúnra rẹ̀ á fi sáré bá mi níwájú pé kí n gùn ún níye tí mo fẹ́ san. N ò sọ pé orúnkún kì í dùn mí lásìkò òjò. Ó ń dùn mí, mo sì ń rìn.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Kánádà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá kí òun. Nígbà tí físà jáde, ìpàdé ẹbí ló tẹ̀lé e. Àbúrò ọkọ mi, tí í ṣe baálé ilé wa báyìí, bi mí pé ta ni yóò mú mi lọ. Mo ní èmi fúnra mi ni. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ní rárá, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé. Ó ní kí ni mo wá fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ rí ọmọ mi, kí n sì fojú ara mi rí bí ayé ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n wojú ara wọn. Lọ́dọ̀ wa, ohun méjì ló ń gbé ìyá àgbà wọ bàálù: kó lọ wẹ ọmọ tuntun, tàbí kó lọ sí Mẹ́kà. Ìyá tó bá fẹ́ lọ nítorí pé ó wù ú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bíi pé orí rẹ̀ fẹ́ dà rú.

Ọmọ mi ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo n’Ìbàdàn, ló ń ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun á wá ẹnì kan tí yóò bá mi rìn. Mo ní n ò fẹ́. Bàálù kan á gbé wa dé ìlú kan láàárín ọ̀nà, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, á wá géètì bàálù kejì, á wọ̀ ọ́, ó parí. Olùkọ́ kan tó háyà yàrá nínú agbo ilé wa ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì tún un ṣe títí mo fi mọ̀ ọ́n bí Fátíà. Mo kàwé mẹ́fà, mo mọ nọ́ńbà, mo sì lẹ́nu tí mo lè fi béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà. Ká má tan ara wa, wíwá géètì yẹn gan-an ni mò ń fojú sọ́nà fún jù nínú gbogbo ìrìn àjò náà. Mo fẹ́ dá a ṣe. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ti kẹ̀kẹ́ arọ wá síwájú mi. Ó tẹrí ba, ó ní kí màmá jókòó. Mo wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń bá wí. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Mo wo ọmọ mi, ojú rẹ̀ ti wọnú fóònù rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Láti ọjọ́ tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ti sọ fún àwọn oníbàálù pé ìyá òun ò lè rìn.

“Wíìshéà lásán ni, Màámi,” ó wí. “Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é fún ìyá wọn. Wọ́n á tì yín kọjá gbogbo ìlà, ẹ ò sì ní sọnù.”

Wíìshéà ni òun ń pè é. Kẹ̀kẹ́ arọ ni orúkọ tí èmi bá nílẹ̀, arọ ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi kán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tí n ò bá jókòó, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ bàálù, torí pé bí òun ṣe ròyìn mi fún wọn nìyẹn. Irọ́ ni, mo padà mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ dójú ti ọmọ mi láàárín èrò. Mo jókòó.

Ẹni tí kò bá jókòó sínú nǹkan yẹn rí nígbà tí ara rẹ̀ le, kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìbàdí èèyàn ni mò ń rí, ìbàdí àti báàgì. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà mi wò gbójú fò mí, ó bi ẹni tó ń tì mí pé ṣé màmá ń gbọ́ òyìnbó. Ẹni tó ń tì mí ní òun rò pé wọ́n á máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń bá mi rò ó. Mo dá obìnrin náà lóhùn fúnra mi, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ.

Wọ́n to àwa ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wa lórí kẹ̀kẹ́. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ará Ẹgbẹ́dá lòun, òun ṣì ká ata lóko lánàá kí òun tó lọ di ẹrù. Mo ní kí ló wá gbé e dórí kẹ̀kẹ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀ kí n jayé, pé àwọn ọmọ wa ló ní kí wọ́n máa tì wá. Nígbà tó kan àtiwọ bàálù, gbogbo wọn dìde, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n rìn wọlé, bí ìgbà tí wòlíì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní ìlú tí a ti fẹ́ wọ bàálù kejì, kẹ̀kẹ́ ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní n ò fẹ́. Obìnrin tó ń ṣètò wa dì mí lápá mú, ó fi mí jókòó. Wọ́n tì wá lọ sí igun kan, wọ́n ní ká dúró, pé ẹnì kan ń bọ̀. Mo ń rí nọ́ńbà géètì wa lára pátákó tó ń tàn lókè, mo sì ń rí aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkókò ń lọ, ẹnì kankan ò wá. Mo sọ fún àwọn ìyá pé kí a dìde ká máa lọ, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibẹ̀. Wọ́n ní ṣebí wọ́n ní ká jókòó. Àwọn obìnrin tó ti tọ́mọ, tó ti sin ọkọ, tó ti bá awakọ̀ jà lójú títì lórí ẹrù ọjà wọn, wọ́n káwọ́ sórí ẹsẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ta ló gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí ju ti obìnrin tó dì mí lápá lọ.

Ibẹ̀ la wà tí obìnrin kan fi dé. Ọmọ Yorùbá ni, bàálù wa lòun náà fẹ́ wọ̀. Kò tíì tó àádọ́ta ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, òógùn bò ó lójú. Ó béèrè kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n la ọwọ́ òfìfo sí i pé kò sí mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo èyí tó wà, àwa la jókòó lé e.

Obìnrin náà yíjú, ó rí wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó fọwọ́ di ògiri mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún rẹ̀ tó wú yẹn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí wa.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa,” ó wí. “Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kì í bá àgbà lórí ìjókòó kó kàn máa wò wọ́n. Ìtìjú bò mí, ìbínú tẹ̀lé e, n ò sì mọ ìgbà tí mo dìde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà níbẹ̀, a jókòó gbagidi lé ohun tí aláìsàn ń wá, aláìsàn náà ló tún ń ṣàdúà àlàáfíà fún wa. Mo gbá a mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, mo ní kó wá jókòó. Ó ní rárá o, báwo lòun ṣe máa gba ìjókòó lọ́wọ́ ìyá tí ara wọn ò yá.

“Ara mi yá,” mo wí. “Ọmọ mi ló purọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mi.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ará Ẹgbẹ́dá tẹjú mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń ṣètò wa sáré dé, ó ń nawọ́ sí kẹ̀kẹ́, ó ń nawọ́ sí mi. Mo ká ìró mi sókè díẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì lulẹ̀ kó lè rí i. Mo sọ fún un ní òyìnbó tí mo ní pé ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń lọ sóko. Bóyá ọ̀rọ̀ oko ò yé e, ṣùgbọ́n ojú mi yé e. Ó tún fẹ́ dì mí lápá mú. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Ibẹ̀ jìn, n ò ní purọ́. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń rìn fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn dúró sórí rẹ̀ bí ẹrù. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, mo bi ọkùnrin kan tó ń nulẹ̀, ó júwe fún mi, mo padà. Mo tún bi ẹlòmíràn. Orúnkún mi ń ro mí, mo sì ń sọ fún un pé tí a bá délé la máa jà. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà géètì wa, mo dúró níwájú rẹ̀, mo tún un kà. Inú mi dùn débi pé ìbínú náà kúrò lára mi fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì gba ìwé ìrìnnà mi, ó wojú mi, ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Èmi ló bi. Mo sọ fún un. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ti àwọn yòókù dé, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ló ṣáájú wọn.

Nígbà tí bàálù kejì balẹ̀ ní Kánádà, kẹ̀kẹ́ tún wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọjá lára rẹ̀. Mo tò sórí ìlà, mo dáhùn ìbéèrè, mo wá ẹrù mi, mo fà á jáde. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn irin níbi tí àwọn tó wá pàdé èèyàn máa ń dúró sí. Mo rí i kó tó rí mi. Ó ti sanra díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lojú rẹ̀ wà, ibi tí orí ẹni tó bá jókòó máa ń mọ. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń jáde ló ń yẹ̀ wò. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀. Ó tọrọ gáfárà ní òyìnbó, láìwojú mi, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má bàa dí òun lójú.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wò mí.

“Màámi, kẹ̀kẹ́ yín dà?”

Kó tó kúnlẹ̀ o. Kó tó dì mọ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ tí mo bí nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí a ò ti fojú kanra. N ò tíì dá a lóhùn tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè láti Ìbàdàn, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete níbi tí mo dúró sí, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti gbé màmá dé. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ mi.

“Kò sẹ́ni tó gbé mi dé,” mo wí. “Èmi ni mo wá.”