Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Fèrèsé

Bí wọ́n bá bi ọmọ alágbàfọ̀ léèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré olórin, á ní orin kan ṣoṣo ni òun fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ń wúwo láti sọ ni pé ìparí orin náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Ìdí tábìlì tí ìyá rẹ̀ ti ń lọ aṣọ oníbàárà ló ti kọ́ orin. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí kọ́là, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń kọrin tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ tí ilé eré gbà á síṣẹ́, ńṣe ni ìyá lọ aṣọ tí ọmọ fẹ́ wọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ò tó.

Ipa ọmọbìnrin kan tó ń retí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ ni wọ́n fún un. Iwájú fèrèsé ló ti ń kọrin sí i. Fèrèsé ọ̀hún, pákó àti aṣọ tí wọ́n kùn lọ́dà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àwọn elégbè ń dúró sí, níbi tí èrò ìwòran ò ti lè rí wọn. Ní ìparí orin, ohùn ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ gòkè, kó sì dúró sókè títí tíṣà orin á fi ka ení dé ẹ̀jọ. Nígbà ìgbáradì, wẹ́rẹ́ ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ̀fun rẹ̀ dì. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Kí ẹnikẹ́ni tó fura, ohùn kan gbéra lẹ́yìn fèrèsé, ó gòkè, ó sì dúró síbẹ̀ pé ẹ̀jọ.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló gbé e. Obìnrin yìí ti ń ṣe elégbè kí ọmọ alágbàfọ̀ tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Bó ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ohùn àwọn méjèèjì jọra, gbogbo èrò sì rò pé ẹnu tó là níwájú ni orin ti ń jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Ọmọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ ní yàrá ìmúra. Àǹtí Jẹ́jẹ́ fà á dìde, ó ní ẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, pé lọ́la á kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́la dé, kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó la ẹnu, ó ń retí. Bákan náà ló rí lọ́túnla. Kò pẹ́, ó di mọ́ra, àwọn méjèèjì ò sì mẹ́nu kàn án mọ́.

Ìwé ìròyìn kan wá kọ ọ́ pé ohùn ọmọ tuntun kan wà nílé eré tí èèyàn ò gbọdọ̀ kú láìgbọ́. Ìyá gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì rẹ̀, oníbàárà kankan ò sì lè gba aṣọ láìkọ́kọ́ kà á. Ojú ti ọmọ débi pé, bó bá ń jẹun, ẹ̀yìn ló ń kọ sí ògiri náà.

Kí Àǹtí Jẹ́jẹ́ tó lè di ohùn yẹn mú dé ẹ̀jọ, ó ní láti tọ́jú èémí. Nítorí náà, bí àwọn elégbè yòókù bá ń gbe orin ọ̀hún, òun á panu mọ́. Tíṣà orin jókòó nídìí dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń rí ẹnu tó pa dé yìí lójoojúmọ́. Bó bá sì wá kan ohùn òkè, ọmọ iwájú ló ń wò, torí òun ló ń fọwọ́ ka ení, èjì fún.

Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn oníjó ń ráhùn pé àyè ò gbà wọ́n lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀gá ilé eré ní kí elégbè kan lọ. Tíṣà orin pe ọmọ alágbàfọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé Àǹtí Jẹ́jẹ́ ṣì ń kọrin rárá?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ó mọ̀ pé bó bá sọ ọ́, wọ́n á gba orin náà lọ́wọ́ òun.

"Iwájú ni mo máa ń kọjú sí, sà. Mi ò mọ nǹkan tó ń lọ lẹ́yìn."

Ẹ wá wo ẹnu tí ò rí orin kọ, bó ṣe là geere fún irọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Jẹ́jẹ́ kó ìyarun, sálúbàtà àti ìborùn rẹ̀ sínú báàgì. Kò fi ẹnikẹ́ni sùn. Ó kàn dúró lẹ́yìn àga ọmọ níwájú dígí, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Kò ní sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ lọ́sàn-án òní o. Mí dáadáa kó o tó débẹ̀."

Ì bá kúkú gbá a létí, ì bá sàn fún un.

Ìyá rẹ̀ wá wòran lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìgbà kejì rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ti àkọ́kọ́. Orin dé ìparí. Ọmọ la ẹnu, ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì bà á lẹ́rù ju ohùn òkè lọ. Bí ohùn tirẹ̀ ṣe jáde nìyẹn. Ó tín-ín-rín, ó gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó kan àrún, ṣùgbọ́n ó dé ẹ̀jọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí i lára. Ó lè ṣe é. Ó jẹ́ kí wọ́n lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tó wà lọ́fun òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá bọ́ bàtà, ó dúró ti tábìlì rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

"Ti òní yìí, ohùn rẹ ni. Ta ló kọ ti ọjọ́sí?"

Ọmọ ò lè gbójú sókè. "Ẹ mọ̀, Màámi?"

"Ta ló gbọ́ ohùn rẹ tó mi? Mo lẹ ìwé yẹn síbẹ̀ kó o lè sọ fún mi pé kì í ṣe tìẹ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń retí. Ìwọ wá kẹ̀yìn sí i, ò ń jẹun."

Ọmọ bú sẹ́kún, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tó sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ká ìwé kúrò lára ògiri, etí rẹ̀ kan ya. Ó tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ lé e, ó lọ̀ ọ́ títí tó fi nà, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ tíṣà orin ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, ọkùnrin náà pa dùùrù dé, ó ní òun máa lọ bẹ Àǹtí Jẹ́jẹ́ kó padà, àti pé kí ọmọ má retí orin náà mọ́. Ọmọ dúpẹ́, ó sì mú ìwé náà lọ sí yàrá Àǹtí Jẹ́jẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti rojọ́, tó sì na ìwé sí i.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ gbé awò sójú, ó kà á dópin.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ó ní. "Mi ò tíì kà á rí. Àná ńkọ́, o gbọ̀n nígbà tó kan àrún, àbí?"

Ọmọ wò ó. "Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ẹ̀yìn àwọn èrò ni mo dúró sí, tèmi ti báàgì mi. Mo ní bí o ò bá rí i gbé, màá bá ọ gbé e."

Ọmọ alágbàfọ̀ dojú bolẹ̀ níbẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ojú ara rẹ̀ sí.