Koríko Inú Táńkì Ẹja Ìyá Mi

Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gíláàsì ní gbogbo Sátidé, tí mo sì ń gbé koríko ṣépè. Kì í ṣe koríko orí ilẹ̀ o. Inú omi ni èyí ń hù sí, ó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹ̀fọ́ tí ó ti pẹ́ jù lórí iná. Bí mo bá fà á tu lára òkúta lónìí, tí yóò bá fi di Ọjọ́rú, ó ti padà dé, ó sì ti mú ẹbí rẹ̀ wá.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni táńkì ẹja náà. Nígbà tí ó ń lọ sí Kánádà, ó gbé e wá sí pálọ̀ ìyá wa ní Sùúrùlérè, pẹ̀lú ẹja kékeré méjì tí àwọ̀ wọn dà bí ọsàn, tí wọ́n ní ìlà funfun lára, àti òkúta láti inú òkun, àti báàgì iyọ̀ tí a ó máa pò mọ́ omi. Ẹja òkun ni wọ́n, omi lásán yóò pa wọ́n. Ó ní kò ní wàhálà kankan. Ẹni tí ó ti gba físà, kò sí ohun tí kò lè fi ẹnu sọ.

Èmi àti ìyá mi nìkan ló ń gbé ilé náà. Tíṣà ni ìyá mi kí ó tó fẹ̀yìn tì, àṣẹ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ títí di òní. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò ká a kúrò, ìyá mi ní òun kò ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tirẹ̀, ojú náà kò là.

"Èyí tí mò ń rí yìí tó mi," ló máa ń wí. "Ṣebí mò ń rí iná ẹja mi."

Òótọ́ ni, ó ń rí i. Ilé alájà méjì tí aládùúgbò wa kọ́ ti dí wíńdò wa, pálọ̀ wa a máa ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Iná búlúù orí táńkì yẹn ni ó ń tàn níbẹ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ òsì ìyá mi, ó mọ̀ pé kíṣìnì lòun dojú kọ. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, yàrá rẹ̀ ló ń lọ. Òun náà ló fi ń mọ̀ pé àwọn oníná ti mú iná dé, yóò sì pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò tó gbọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan súìṣì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ta ló ń pa súìṣì ní ilé wa tẹ́lẹ̀? Àwọn oníná ló ń bá wa pa á.

Ní ọjọ́ kan, mo ń jẹun lọ́wọ́, ìyá mi ní, "Kí ló dé tí iná yẹn ń ṣú?"

Mo wo táńkì, mo rí i pé koríko ti bo gíláàsì bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún. Mo ní, "Koríko ni, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo ń fọ̀ ọ́, òun ń sọ pé ó ti mọ́ díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yóò tún ní ó ń ṣú. Mo pààrọ̀ omi. Mo dín oúnjẹ ẹja kù. Mo ra ìgbín òkun kéékèèké mẹ́wàá tí wọ́n ní yóò jẹ koríko náà tán. Àwọn ìgbín jẹ, wọ́n yó, wọ́n sùn, koríko ń dàgbà lórí ẹ̀yìn wọn. Ẹ má bi mí bí inú ṣe bí mi tó. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé, ní àwọn Sátidé kan, gíláàsì náà mọ́ roro, ìyá mi sì ní ó ṣì ń ṣú. Ẹ̀rù bà mí. Mo tún mú búrọ́ọ̀ṣì. Bí koríko bá ṣì wà, àwa méjèèjì lè máa sọ pé koríko ni.

Ìgbà tí ó sú mi pátápátá, mo yà sí Sábó nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan wà níbẹ̀ tí ó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Ó gbọ́ àròyé mi tán, ó ní, "Àǹtí, wákàtí mélòó ni iná orí táńkì yín ń tàn lójúmọ́?"

Mo ní, "Ìgbà tí iná bá ti wà, sà."

"Iná wá ń wà dáadáa ládùúgbò yín báyìí?"

Mo ní a dúpẹ́ o, láti ìgbà tí wọ́n ti yí láìnì wa padà, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi mú àga dání. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn oníná ló ń bá wa tọ́jú táńkì, a kò mọ̀. Iná ni koríko yẹn ń jẹ, a sì ń fún un jẹ tọ̀sán tòru. Ó ní kí n pa iná náà, kí n fi aṣọ dúdú bo táńkì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi nìkan ni kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rò pé ìyá mi yóò yarí. Kò yarí. "Ṣé kí ẹja má kú ni? Bò ó. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé inú ilé mi, ṣé iná ló ń mú mi lọ́wọ́ rìn?"

Aṣọ dúdú kan ṣoṣo tí ó tóbi tó ni gáùn tí mo fi gboyè ní yunifásítì. Mo fi bo táńkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tí gáùn náà ṣe láti ìgbà tí mo ti rà á nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ìró sálúbàtà ìyá mi ní pálọ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó tún rìn, ó tún dúró.

"Níbo ni ẹnu ọ̀nà wà?"

Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn tíṣà. Mo sáré jáde. Ìyá mi dúró láàárín pálọ̀ ara rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ògiri ló dojú kọ. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un padà sórí àga rẹ̀.

Ó ní, "Ibi gbogbo rí bákan náà, bí ìgbà ọyẹ́. Ṣé iná yẹn nìkan ni mo ti ń rí láti ọjọ́ yìí?"

Mo fẹ́ sọ pé koríko ni. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," omijé sì bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti àlùbọ́sà.

"Pe dókítà," ló wí. "Pè é báyìí, kí n tó yí ọkàn padà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo ṣí gáùn kúrò. Koríko náà ti funfun, ó ti ń já bọ́ fúnra rẹ̀, mo fi rọ́bà tí a fi ń fa omi fà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹja méjèèjì wà láàyè, ebi ń pa wọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín fún ara mi. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ṣe ojú ọ̀tún ìyá mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí bándéèjì ní ọjọ́ kejì, ìyá mi ṣẹ́jú, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "O ti ru o." Ara mi wálẹ̀. N kò rí èébú tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A délé, ó lọ tààrà síwájú táńkì. Omi mọ́ lóló. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwọn ẹja náà títí.

"Wọ́n kéré báyìí?" ló wí. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rí fáànù, ó rí okùn aláǹtakùn, ó rí ohun tí mo ti ń pè ní gbígbá ilé láti ọdún méjì. Ó mi orí. "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni."

Mo bẹ̀bẹ̀. Ó rìn lọ sí ìdí súìṣì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó pa á.

"Jẹ́ kí wọ́n sinmi," ló wí, ó sì kọjá sí kíṣìnì láti lọ wo ohun tí mo ti bàjẹ́ níbẹ̀. Kò fọwọ́ kan ògiri.