Ẹyẹ Olórùka Inú Àgò Múní

"Kẹ́." Bó ṣe dún nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn fi eyín fọ́ ẹ̀pà kan ṣoṣo. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, nínú oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Ìrawọ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà, ètè mi ti sán. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan láti yunifásítì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wa láti ta àwọ̀n sáàárín igi kajú kí wọ́n lè fi mú ẹyẹ. Àwọ̀n náà tín-ínrín débi pé díẹ̀ ló kù kí èmi alára kó sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè dúró, wọn ì bá kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn mú ẹyẹ abiyamọ tó sanra jù lọ ní Òkè-Ògùn.

Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn di ẹyẹ kékeré kan mú wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fi ẹ̀mú kékeré kan de òrùka sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí òrùka náà pa ẹnu pọ̀ ló dún "kẹ́" yẹn.

"Ta ló wá ni ín báyìí?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ni ín, mà. A kàn fi ń mọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó ń padà ni. Òmíràn nínú wọn, ìlú òyìnbó ló ti ń wá lo ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa."

Ó ṣí ọwọ́, ẹyẹ fò lọ. Ọmọbìnrin náà ń kí mi pé ó dàbọ̀, ó ń dúpẹ́, èmi ò gbọ́. Mo ti jókòó sórí gbòǹgbò igi bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. Kò sẹ́ni tó ni ín!

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra adìẹ tó ti dì gbagidi nínú páálí, ẹ ò lè mọ̀ pé adìẹ a máa ní ìdílé. Ní Ṣakí tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, gbogbo ilé ló ní àkísà tiwọn tí wọ́n ń so mọ́ adìẹ lẹ́sẹ̀. Pupa ni tiwa, ara ìró ògbólógbòó ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ni wọ́n ti ń ya á. Aláwọ̀ sánmà ni ti ilé kejì. Aránṣọ kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé léèsì ló ń so mọ́ tirẹ̀, àwọn adìẹ rẹ̀ sì ń múra dáadáa ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Bí adìẹ tó ní àmì bá ṣìnà dé ọ̀dọ̀ rẹ, o kò gbọdọ̀ pa á, o kò sì gbọdọ̀ lé e dànù. Wàá fi àgò dé e mọ́lẹ̀, wàá fún un lónjẹ, wàá sì wá ẹni tó ni ín fún ọjọ́ méje gbáko. Bí kò bá sẹ́ni tó yọjú, ní ọjọ́ kẹjọ ó di tìrẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kí ó tó tó àkókò, wọn yóò máa jẹ orúkọ rẹ̀ létí kànga títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò fi lọ́kọ.

Múnírátù ni ọ̀rẹ́ mi, Múní ni gbogbo wa ń pè é. Ògiri kan ló pín ilé wọn àti ilé wa. Kò sẹ́ni tó mọ àtè í dẹ bíi tirẹ̀. Òun ló ń se oje igi ọdán títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí yóò fi í pa igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò sì rì í mọ́ àárín pòròpórò ọkà bàbà níbi tí ẹyẹ ti ń ṣa jẹ.

Láti ìgbà tí ọkà bàbà ti yọ orí lọ́dún náà ni ìyá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́. Múní bá sọ fún mi, ó fajú ro bíi dókítà, "Ẹran ẹyẹ ni màmá mi máa jẹ tí wọ́n á fi dìde. Màá fi se ọbẹ̀ ata fún wọn."

Ẹyẹ tí a mú lọ́jọ́ náà jọ àdàbà, ṣùgbọ́n kò rí bí àdàbà tiwa. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà ara irin, ilà dúdú àti funfun sì wà lọ́rùn rẹ̀. Múní ti mú un lọ́rùn kí a tó rí òrùka tó ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwé wà lára òrùka náà, wínníwínní. Ìwé kẹrin ni mo wà, mo sì ti ka ara mi kún ọ̀mọ̀wé. Mo kà á títí, kò di ọ̀rọ̀ kankan.

"Jẹ́ ká yọ ọ́ dànù," ni Múní wí. "Kò sẹ́ni tó rí wa."

"Ọlọ́run ń kọ́?" ni èmi náà wí, nítorí pé ẹgba ilé-kéú àná ṣì ń ta mí. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Ṣé mo dákẹ́ ni? Mo sáré délé, mo tú gbogbo rẹ̀ sétí Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà wo ẹsẹ̀ ẹyẹ náà lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì. "Èmi ń fi àkísà ìró dá tèmi mọ̀, ẹnì kan wá ń fi fàdákà dá tirẹ̀ mọ̀. Ṣé ẹ rò pé èèyàn kékeré ni? Ẹ má kó wa sí wàhálà o!"

Wọ́n gbé ẹyẹ sábẹ́ àgò níwájú yàrá ìyá Múní, nítorí pé ẹni tó rí nǹkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà mú mi lọ́wọ́, ó di àdúgbò dé àdúgbò. Lẹ́mọ́mù kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Awakọ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wá sọ pé òun lòun ni ín. Ìyá Àgbà bi í pé àwọ̀ wo ló ní. "Ó dà bíi dúdú," ló wí, "àbí bíi funfun..."

"Àlàbí, lọ jókòó sílé rẹ."

Mo gbádùn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń sáré wá sọ fún Múní pé a ò tíì rí ẹni tó ni ẹyẹ. Yóò kàn da ọkà bàbà díẹ̀ sábẹ́ àgò.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo jí ata àti iyọ̀ nínú ilé ìdáná Ìyá Àgbà, mo sì dì wọ́n wá fún un. Mo bá àgò náà ní dídojúdé bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó ṣófo.

"Ó ti bọ́," ni Múní wí. Kò wojú mi.

Oṣù náà ò tíì parí tí ìyá rẹ̀ fi kú. Wọ́n sin wọ́n kí ìrun Àsárì tó tó. Àbúrò ìyá rẹ̀ wá láti Ìgbẹ́tì wá mú un lọ. Ẹ̀yìn àká ni mo sá pamọ́ sí títí ọkọ̀ fi gbéra, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnu mi ló gba ọbẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, a máa ń kí ara wa tìtìjú-tìtìjú, a ó sì wá ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wọkọ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì lọ́jọ́ kẹta tí ọmọ yunifásítì yẹn dá mi lóhùn. Mo fẹ́ sọ fún Múní pé kò sẹ́ni tó ni ẹyẹ náà rí, pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, kí ó bú mi bó bá fẹ́.

Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹlẹ́nu bí agogo ilé-ìwé!" ló pariwo. "Ta ló tún sọ nǹkan sí ọ létí?"

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Múní, ẹyẹ tọjọ́sí, èyí tó lórùka..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìwọ náà ń rántí rẹ̀? O ò mọ̀ pé òun ló gbé màmá mi dìde lẹ́ní. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń ní kí n gbé àwọn síta, kí àwọn lọ kí àlejò. Bí wọ́n bá ti ń wò ó, wọ́n á mu ẹ̀kọ díẹ̀. Ọjọ́ méje yẹn nìkan ni mo tún rí wọn tí wọ́n jókòó."

"O sọ fún mi pé ó bọ́."

"Irọ́ ni mo pa. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ti pọ́n ọ̀bẹ. Wọ́n ní, 'Tú u sílẹ̀, Múní. Ẹni tó ni ín á máa retí rẹ̀.' Ojú tì mí láti sọ fún ọ."

Ó ń wò mí pé kí n sọ ohun tí mo bá wá. Mo gbé e mì. Mo ní ẹyẹ náà kàn sọ sí mi lọ́kàn ni, mo sì fa abọ́ ẹ̀gúsí náà sọ́dọ̀.

Adìẹ tó wọ àkísà ti di àwátì ní Ṣakí báyìí. Bí nǹkan bá ṣìnà wọlé ẹlòmíràn, ìkòkò ló ń bá pàdé kí ilẹ̀ tó ṣú. Pòròpórò tí a ti ń dẹ àtè ti di ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Ọyẹ́ ṣì ń wá, ẹyẹ ṣì ń bá a wá, àwọn ọ̀dọ́ yẹn sì ń kọ wọ́n sínú ìwé, mo sì ti ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọọdún. Òótọ́ ni ohun tí ọmọ yunifásítì yẹn sọ fún mi, pé kò sẹ́ni tó ni ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ìyá Múní lọ sí sàréè pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn dá ohun olóhun padà, ọmọ wọn sì ń fi yangàn títí di òní. Èmi tí ẹnu mi kì í gba omi, mo ti rí ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní sọ.