Ọkọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Búra Pé Òun Ò Ní Wọ̀

Mo ń fi aṣọ tútù nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi lẹ́bàá títì ní Apákùn. Mo ti nu ìhà ọ̀dọ̀ awakọ̀ tán, ó ku ìhà kejì, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ké sí mi pé bọ́ọ̀sì àwọn tó ti Mẹ́kà dé ti dúró. Mo gbójú sókè. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú aṣọ funfun, ó gbé báàgì kékeré kan kọ́rùn, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kò sí nǹkan ńlá tí mo ń retí. Jíìpù ọmọ rẹ̀ ló máa gbé e lọ sílé ní Àìlégùn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹrù lèmi wá gbé: àpótí méjì àti ike omi mímọ́ tí wọ́n máa ń bù bọ̀ láti Mẹ́kà. Láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ mi yìí, ẹrù ẹ̀gbọ́n mi ti wọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ rí. Ó ti búra pé òun ò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ girama, aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà l'Ọ́ṣòdì ló sì fi rán mi níwèé títí mo fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ra ọkọ̀ tí n óò máa fi kó aṣọ ilé ìwé tí mo ń rán ní Ṣógúnlé lọ fún àwọn ilé ìwé ní Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ.

Ó ní, "Ti Japáànù ni kó o rà. Bó ti wù kó gbó tó, ti Japáànù."

Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo wá a lọ. Ọkọ̀ Japáànù tí agbára mi ká, abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, èéfín ń jáde nídìí rẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Nínú ọgbà ọlọ́kọ̀ kan náà ni mo ti rí ọkọ̀ Kòríà kékeré kan, tòkunbọ̀, tó mọ́ tónítóní, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń fẹ́ bí ọyẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síwájú, mo jókòó sẹ́yìn. Mo rà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo wà á lọ sí Àìlégùn kí ẹ̀gbọ́n mi lè ṣàdúrà sí i. Bí èèyàn bá ra ọkọ̀ láàárín wa, àgbà ilé á gbé ọwọ́ lé e, á ní kó ṣe é gùn pẹ́, kó má ṣe rí jàǹbá. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó yí ọkọ̀ náà po. Kò gbé ọwọ́ lé e. Ó ká ìka, ó fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀: kó, kó, kó.

"Ṣé irin nìyí? Agolo ni o! Okùn tí wọ́n fi ń fà á dà?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tí kò fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ rí nígbà èwe, tí kò so okùn mọ́ ọn, tí kò wọ́ ọ kiri àdúgbò. Bàbá onílé wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra.

Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀yin náà á wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ ná."

"Èmi?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀. Ẹ óò tún sáré wọ̀ ọ́."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà. "Wàlàhí, mo fi Ọlọ́run búra, ìdí mi ò ní kan ìjókòó ọkọ̀ yìí láéláé."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Nínú ilé tiwa, a kì í fi orúkọ Ọlọ́run búra lórí eré. Bàbá onílé sọ abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Háà, ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Mo dúró gbagidi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n da omi yìnyín sí lẹ́yìn. Àdúrà ni mo wá gbà, ìbúra ni mo gbé lọ sílé.

Òjò tí bàbá onílé wí kò sì pẹ́ rọ̀. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi pàdé lójú títì ní Ṣógúnlé, ó fi ọ̀rá borí, àgbàrá ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo dúró, mo ṣí ilẹ̀kùn.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Ó wo ìjókòó náà pẹ́. Ó ní, "Mo ti búra, Ìyá Ìbejì. Bá mi gbé àpò yìí." Ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ sórí ìjókòó tí òun ò lè jókòó sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ nínú òjò. Mi ò lè kọjá lára rẹ̀. Mo tan iná tó ń ṣẹ́jú, mo ń yí táyà tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, ẹnì kan tiẹ̀ ń bú mi, títí ó fi rí kẹ̀kẹ́ Márúwá wọ̀.

Ọkọ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Ó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Bí mo bá bọ́ sí kòtò lọ́nà Àìlégùn, eyín mi á gbá ara wọn. Bí aṣọ ilé ìwé bá kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́nu, àfi kí n pa amúlétutù kó tó lè gun afárá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fúyẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò parọ́ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í mu epo, kì í sì í dá mi dúró lọ́nà. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Màdáámù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, ṣé Kòríà la máa gbà lọ rà á ni?" Ibòmíràn ni mo ti ń yí ọ́ìlì rẹ̀, mo sì ń yí i lásìkò.

Mi ò lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ojú ayé yí padà sí i. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè ló kọ́kọ́ rà á, lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ báńkì. Nígbà tí epo di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bó ṣe ń mu epo sí. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wa ọkọ̀ tẹ̀ lé mi wọ inú ọgbà ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀. Mo rò pé olè ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ fẹ́ tà á?"

Láìpẹ́ sígbà náà ni mo rí pátákó tuntun níwájú mẹkáníìkì yẹn, tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọkọ̀ Kòríà ni iṣẹ́ òun. Mo kà á, mo tún un kà.

Ó rí mi. Ó ké, "Màdáámù wa! Ẹ̀yin lẹ tètè mọ̀ ọ́n! Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tọ́jú rẹ̀."

Mo tún wo pátákó náà, mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn ò tó ti jíìpù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra jíìpù dúdú ńlá kan, mo lọ kí wọn kú oríire. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìjókòó iwájú, ó ti na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń yí bọ́tìnnì rédíò. Mo wo imú jíìpù náà. Àmì tó wà lára rẹ̀, òun náà ló wà nímú ọkọ̀ tèmi. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Mo wo àmì, mo wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Kí lò ń wò?" ló bi mí. "Èyí kọ́ ni mo búra lé lórí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́, mi ò lè jẹun. Èrò mi láti ọjọ́ ìbúra yẹn ni pé bí ayé bá gbà pé ọkọ̀ Kòríà dára, ọkàn ẹ̀gbọ́n mi náà á rọ̀. Ayé ti gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sínú ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ mi. Tèmi ṣì wà lójú títì bí ohun èèwọ̀. Kí ló búra sí gan-an, ọkọ̀ ni àbí èmi? Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé sùn, tí mo ń gbé jí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Mẹ́kà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tọrọ àforíjì, bí àwọn tó ń lọ ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ ẹbí àti aládùúgbò.

"Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Àǹtí mi."

Mo dúró kó dárúkọ ọkọ̀. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, wá bá mi se ìrẹsì àti ẹ̀wà. Sàárà ni." Ó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi kọjá, kò wò ó.

Mo sè é. A gbé e lọ síwájú mọ́sáláṣí. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n bù ú. Òun ló ń bù ú fún àwọn tálákà tó jókòó, tó sì ń kà wọ́n sókè. Nígbà tó bù fún ẹnì kẹwàá tán, bàbá arúgbó kan na abọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ mú sùúrù, Bàbá. Èyí ti pé. Tiyín ń bọ̀ lọ́tọ̀." Inú ìkòkò mìíràn tó gbé wá láti ilé ló ti bu tirẹ̀ fún un. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò bèèrè. Èmi kì í ṣe oníbèéèrè.

Òun ló ń bọ̀ yìí ní Apákùn.

"Àlàájà! Àlàájà màmá mi!" Ọmọ rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn jíìpù sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un, ó sì kọjá lára jíìpù. Mo rò pé ó fẹ́ wá kí mi ni. Ó kọjá lára èmi náà. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ mi mú, ó ṣí i.

Aṣọ tí mo fi ń nu gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ mi. "Àǹtí mi! Ẹ ti búra o!" Mo sáré gbá ilẹ̀kùn mú. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé Ọlọ́run dé, ẹ tún fẹ́ dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun?"

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, kí n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Màmá, ibí ni o!" ni ọmọ rẹ̀ ń ké. "Jíìpù rèé! Ọkọ̀ ẹrù nìyẹn!"

"Kó ẹrù sínú jíìpù nígbà náà," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó jókòó. Mo yí gba ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wọlé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú ihò rẹ̀. Ó sún ìdí síbí, ó sún un sọ́hùn-ún. Ó ká ìka, ó fi kan ilẹ̀kùn: kó, kó, kó.

"Agolo ni," ó ní. "Agolo ṣì ni."

"Àǹtí mi, gbogbo ayé ló ń rà á báyìí."

"Mo mọ̀. Ó kún ìgboro Mẹ́kà bí eṣú. Òun ni wọ́n fi gbé wa kiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi níbàdí. Ẹni tó bá ní ó dára, kó máa rà á."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi wọ̀ ọ́?"

Kò wò mí. Ó ń wo gíláàsì iwájú rẹ̀, ìhà tí mi ò tíì nù.

"Ọjọ́ tí òjò pa mí ní Ṣógúnlé," ó ní, "mo rò pé o máa wakọ̀ ẹ lọ. O ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fun fèrè mọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń bú ọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wù mí kí n wọ̀ ọ́. Ojú ló ń tì mí. Ìgbà tí Mẹ́kà délẹ̀ ni mo tó lè sọ fún Ààfáà. Ó ní ẹni tó bá fi Ọlọ́run búra, tó wá fẹ́ yí i padà, kó bọ́ tálákà mẹ́wàá."

"Ìrẹsì tí mo sè..." Èmi ni mo fọwọ́ ara mi sè é, mo gbé e dé ẹnu mọ́sáláṣí, mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé iwájú ọkọ̀ náà, lókè rédíò. Ètè rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó ṣàmín tán, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó fa bẹ́líìtì kọ́ra, ó ní:

"Rọra wà á o. Èèyàn mẹ́wàá ló jẹun kí ìdí mi tó kan ìjókòó yìí."