Ìtọ́wò Kì Í Ṣe Jíjẹ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olórí alásè ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà. Ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ lójoojúmọ́, wọn kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un ju Ìyá Oúnjẹ lọ. Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ wíwà ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í kúrò lórí bíréèkì kejì tó wà lọ́dọ̀ mi, nítorí n kò mọ ìgbà tí ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú máa fẹ́ fi wá kọ lu ògiri. Bí mo bá délé, ẹsẹ̀ náà kì í gbàgbé iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n pàápàá, ṣe ni mò ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ara mi kì í lélẹ̀, mo gbà.

Òun náà sì ní tirẹ̀. Ó sanra. N kò ní máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀: kílò mẹ́rìnlélógóje ni ìwọ̀n ilé ìwòsàn kà fún un. Òkè kejì ni à ń gbé. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó máa dúró ní òkè àkọ́kọ́, á máa tú báàgì rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èémí ló ń wá. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí ó bá ń lọ báyìí, ọkàn rẹ̀ kò ní gbé e dé ọgọ́ta ọdún. Ó ti pé mẹ́tàléláàádọ́ta. Àwa méjì péré la ṣẹ́ kù nínú ilé wa, nítorí náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé àwọn lè gé apá tó pọ̀ jù nínú àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kúrò, èmi ni mo ń ka ọjọ́ jù ú lọ.

Oṣù méje la fi dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Kí ó tó pé, wọ́n fà á lé obìnrin kan tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Obìnrin náà fún un ní ìwé kékeré kan, ó ní, "Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mà. Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ìgbà tí a padà lọ, obìnrin náà ṣí ìwé náà. Àárọ̀: tíì, kò sí ṣúgà. Ọ̀sán: kò sí nǹkan. Ìrọ̀lẹ́: búrẹ́dì kan, ẹyin kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bákan náà ni. Obìnrin náà wo ìwé, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó tún wo ìwé.

Ẹnu mi yá ju ara mi lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ tẹ́ ẹ tọ́ wò ńkọ́?"

"Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ," ló dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ yíjú sí mi.

Kò sì purọ́. Ohun tó gbàgbọ́ nìyẹn, ohun tí gbogbo alásè gbàgbọ́ ni. Bí ṣíbí bá ti ìkòkò wá, iṣẹ́ ni. Bí ó bá ti inú àwo wá ló tó di oúnjẹ. Mo ti jókòó sí kíṣìnì rẹ̀ rí ní ọjọ́ ìsinmi mi, láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, mo sì kà á. Ṣíbí mọ́kànlélógójì. N kò ka ẹran tó ń wò bóyá ó ti rọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní àwọn tí mò ń kọ́ ní ọkọ̀ ti da orí mi rú.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nǹkan olómi nìkan ló gbọ́dọ̀ máa mu, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè súnkì, kí àwọn dókítà lè ráyè ṣiṣẹ́. Ó mu ún. Omi ẹran tó ṣàn, wàrà, omi ẹran tó ṣàn, wàrà. Àmọ́ kò gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ lòun ń tọ́jú ìsinmi òun dè. Mo bínú, mo sọ ọ́, mo tún un sọ, ó ní kí n lọ tẹ bíréèkì mi.

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n fún wa, kò sì gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti òru mọ́jú. Ó ní ká yà níbi iṣẹ́ kí òun fún Jẹ́jẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Jẹ́jẹ́ ni igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kì í pariwo, tí kì í sáré, tí ìkòkò kì í dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró síta, n kò pa ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wọlé.

Ó dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ tó tóbi jù. Ó kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ó mi orí. "Ó kù díẹ̀," ló sọ fún Jẹ́jẹ́. Ó fi iyọ̀ sí i, ó lá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún lá a. Ó wá yí padà, ó rí mi, ó ní, "Kí lo ń wò? Jẹ́ ká lọ, a ti ń pẹ́."

Mo búra fún yín, kò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, ọwọ́ náà kò sì jábọ̀ fún un.

Nínú ọkọ̀, mò ń wakọ̀, mò ń bá ara mi jà. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á dá wa padà, oṣù méje á wọmi. Bí n kò bá sì sọ ọ́? Wọ́n ti ṣàlàyé fún wa pé bí oúnjẹ bá wà nínú ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun, ó lè gòkè wá kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọbẹ̀ lílá mẹ́ta. Ṣé èyí tó lè pa ènìyàn ni? N kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ jẹun gbẹ̀yìn?"

"Àná, aago méje ìrọ̀lẹ́. Omi ẹran."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ ṣí ojú ewé tó kàn. Mo ní, "Ó tọ́ ọbẹ̀ wò láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọbẹ̀ ẹran."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tí mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láàárín ìgboro. "Ìtọ́wò kì í ṣe..." Kò parí rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ṣé mo gbé e mì ni?" Èmi ló ń bi.

Nọ́ọ̀sì pa fáìlì dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn, ni wọ́n wí.

Ojú mi rí màbo nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Ilé kan náà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Fíríìjì ló ń bá sọ̀rọ̀. "Fíríìjì, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀tá ò lè ṣe tó wọn." "Fíríìjì, kí ẹni tó bá fẹ́ tíì lọ gbé e, omi ti hó." N kò ní parọ́, ó dùn mí. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé lẹ́yìn iṣẹ́, n kò ní fẹ́ gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì tún máa ń ro ó pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, mo máa tún un sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ju ìwé kékeré yẹn sórí ẹsẹ̀ mi. Ó fa ìlà sínú rẹ̀, ìlà kan fún ṣíbí kan.

"Mọ́kàndínlógójì," ó ní. "Tòní nìkan. Mi ò ka ẹran."

Mo ní, "Tèmi jẹ́ mọ́kànlélógójì."

"Mo gbọ́." Ó jókòó tì mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà nídìí iná. Mi ò mọ̀ pé mò ń jẹun, àbúrò. Ẹ̀rí ọkàn mi ò dá mi lẹ́bi rí. Mo rò pé ara mi kàn kórìíra mi ni."

Mo fà á mọ́ra, apá mi kò yí i ká. Àwa méjèèjì sunkún, a sì tún rẹ́rìn-ín nítorí apá mi tí kò yí i ká.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gba ìsinmi kí ọ̀sẹ̀ méjì olómi tó bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn. Ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń to àwo tí a ti tò, ó ń pe Jẹ́jẹ́ lórí fóònù láti bi í bóyá ẹ̀wà ti ń rọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, èmi ni mo wá ń rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, mo mọ iye táìlì tó wà nílẹ̀ rẹ̀. Wákàtí méjì àti ààbọ̀. Nígbà tí dókítà jáde tó ní, "Ó lọ dáadáa," mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà tó jí, èjìká ló ní ó ń dun òun, kì í ṣe ikùn. Atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ ló fà á, wọ́n ní kó máa rìn. Ife tí wọ́n fún un kò ju èyí tí à ń wọn oògùn ọmọdé lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń fẹnu kàn án. Nílé, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yára mu oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná, ó sì bì í títí omijé fi bọ́. "Kí ni mo fi ara mi ṣe yìí?" ló ń pariwo nínú balùwẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kílò ń lọ. Ní ìparí oṣù kejì, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, kò dúró tú báàgì.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, wàhálà mìíràn sì dé. Ẹnu rẹ̀ ti yí padà. Iyọ̀ tín-ín-rín, á ní ó ń ta òun ní ahọ́n. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ó ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, ó lè lọ, ó sì lè má lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fẹnu kan ọbẹ̀, ó tu ú, ó ní ó ti tó. Àwọn òṣìṣẹ́ ní omi gbígbóná ni wọ́n gbé fún wọn. Ọjọ́ kejì, àwo ń padà wá pẹ̀lú oúnjẹ. Ọjọ́ kẹta, ọ̀gá iléeṣẹ́ pè é: bí ọ̀la bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ páálí bàtà.

Ó délé, ó ní, "Inú mi ni mo ní kí wọ́n gé. Ẹnu mi ni wọ́n gbé lọ."

Mo ní, "Ṣé kẹ́ ẹ kú pẹ̀lú ẹnu tó dáa ló wù yín ni?" Bí mo ti sọ ọ́ ni mo ti kábàámọ̀. Ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ. N kò lè jẹ́ kó dá nìkan lọ gba irú ìtìjú yẹn. Àwọn alásè yòókù ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọbẹ̀ ń hó. Ẹ̀gbọ́n mi bù ú, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, máa bọ̀. Tọ́ ọ wò."

Ọdún mẹ́rìnlá tí Jẹ́jẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó fẹnu kan ìkòkò òun rí. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ṣíbí. Ó tọ́ ọ wò. Ó gbé e mì bí ẹni tó mu oògùn.

"Ó dáa, Ọ̀gá. Ó dáa gan-an."

Irọ́ ni. Ọ̀wọ̀ ló ń purọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́jẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yìí mọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Má bọ̀wọ̀ fún mi lónìí."

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. "Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, Ọ̀gá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"O ṣeun," ló sọ. Omi ti lé sí i lójú. Ó bu iyọ̀, ó dà á, ó rò ó. Jẹ́jẹ́ tọ́ ọ wò: ó kù. Ó tún dà á. Ó kù díẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe títí Jẹ́jẹ́ fi gbé ọwọ́ sókè pé ó tó, ó sì fi ìdérí dé e.

Ní ọ̀sán, àwo ń padà wá ní òfìfo. Ọkùnrin kan lára àwọn tó ń gé awọ bàtà na ọrùn wọ ojú fèrèsé tí a ti ń pín oúnjẹ, ó pariwo pé, "Ìyá Oúnjẹ! Ọwọ́ yín ti padà o!"

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn tí gbogbo ilé gbọ́. "Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ẹnu Jẹ́jẹ́ ni."

Mo wo Jẹ́jẹ́. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ ìkòkò kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.