Ọwọ́ tí Sàlámọ̀tù fi kan etí

Lọ́jọ́ tí mo lé Sàlámọ̀tù padà sílé, inú mi dùn sí iṣẹ́ tí mo ṣe. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn títí dòní.

Akọ̀wé kánsù ni mí ní Ìfọ̀ nígbà náà. Mo máa ń lọ ṣòkòtò funfun mi títí ìlà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé iṣu, gègé méjì a sì máa yọrí lápò àyà mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, a sì ní láti forúkọ gbogbo ọmọ tó bá ti tó ilé ìwé lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìwé ìbí lábúlé? Bí o bá bi ìyá kan léèrè ìgbà tó bímọ, á ní, "Ọdún tí eṣú jẹ oko wa ni." Nítorí náà, etí la fi ń mọ ọjọ́ orí. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ máa jẹun sí i. Mo rí ìyá tó fi òrí pa apá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, tó ń fà á kó lè gùn. Bàbá kan tilẹ̀ bá mi jà pé etí ọmọ òun ló jìnnà, pé ọwọ́ rẹ̀ kò kúrú.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a fi ìwé orúkọ ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, obìnrin kan tó ń hun ẹní tà wọlé láti abúlé kan lọ́nà Àkútè, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Sàlámọ̀tù lorúkọ ọmọ náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ rọ pátápátá. Èmi kò tilẹ̀ wo apá náà dáadáa.

Mo ní, "Gbé ọwọ́ rẹ sókè."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì, ó sì di etí ọ̀tún rẹ̀ mú gírí.

"Ọwọ́ òsì kọ́! Ṣé ọwọ́ tó o fi ń bá àgbà lò nílé nìyẹn?"

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. "Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tún ọ̀hún ni ò ṣeé gbé."

"Ìyá, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn. Ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Lọ́dún tó ń bọ̀?" Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ṣé apá náà á ti jí nígbà yẹn ni?"

Mo kọ "Kò tó" síwájú orúkọ ọmọ náà, mo sì pe ẹni tó kàn.

Nírọ̀lẹ́ ni ọ̀gá mi, Bàbá Fọlárìn tó jẹ́ akọ̀wé àgbà, ń yẹ ìwé wò. Ó na ìka sí orúkọ Sàlámọ̀tù, ó bi mí pé báwo ni ọwọ́ ọmọ yìí ṣe jìnnà sí etí tó. Mo ṣàlàyé, mo tiẹ̀ ń fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ràímì, ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ bọ àpò. Ó yá, kọ orúkọ baba rẹ."

Mo fi òsì kọ ọ́. Adìẹ tó ń tan ilẹ̀ ì bá kọ ọ́ dára jù mí lọ.

"Ohun tí ìwọ géńdé ò lè ṣe, tí ọmọdé ń ṣe lójoojúmọ́, òun lo fi lé e lọ. Gbé ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ wá, ká jọ kà á."

A kà á. "Ọwọ́" ni ìwé náà wí. Kò sí ọ̀tún níbẹ̀ rárá. Àwa ni a fi ọ̀tún kún un láti ilé wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́ kejì, Bàbá Fọlárìn yá mi ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo gbé ìwé orúkọ dè é lẹ́yìn, ó di abúlé. Mo bá Sàlámọ̀tù níbi tó ti ń hun ẹní, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ eteetí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń yára wọlé jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá, mo ṣẹ̀ yín."

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀," ó ní, kò sì dẹ́kun iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mo yíjú sí ọmọ náà. "Sàlámọ̀tù, bá mi gbé ọwọ́ rẹ, èyí tó bá wù ọ́."

Ó yára fi ọwọ́ òsì pa mọ́ sẹ́yìn. Ọkàn mi bàjẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ìtìjú ni ọwọ́ kan ṣoṣo tó ní. Bí kò bá sì gbé e, orúkọ rẹ̀ ò ní bá ti àwọn yòókù lọ lọ́la.

Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun, mo gbé ọwọ́ òsì tèmi gba orí, mo di etí ọ̀tún mi mú, fìlà mi sì já bọ́. Gbogbo ọmọ agbo ilé náà bú sẹ́rìn-ín. Sàlámọ̀tù náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀, ó di etí tirẹ̀ mú. Mo gbé ìwé orúkọ lé itan mi níbẹ̀, mo fagi lé "Kò tó", mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbé tábìlì sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa. Mo ṣiṣẹ́ kánsù títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì tún pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni kí n tó kọ́kọ́ béèrè ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Fọlárìn, kí Ọlọ́run forí jì í. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ahunní yẹn tí kò purọ́ fún mi pé kò dun òun.

Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ parí nílé ìwé, tìyá tọmọ wá sí ọ́fíìsì wa. Sàlámọ̀tù gbé ẹní kan dání, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Ẹní náà ni mo fi ń kírun títí dòní. Sàlámọ̀tù fi ọwọ́ òsì nà án sí mi lójú gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀.

Mo dìde, mo tẹríba, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.